Àwo Orin Wo Ni Kí Àlejò Kọ́kọ́ Gbọ́?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ẹ̀kọ gbígbóná kì í ki ẹnu bọ àárín igbá. Etí igbá ni ó ti ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ èyí láti kékeré wá. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, mo gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n rántí rẹ̀. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún ọ̀rẹ́ mi, mo ní kí ó dà á mu lẹ́ẹ̀kan náà, ó jó o lẹ́nu, ó sì kù díẹ̀ kí ìrẹ́pọ̀ wa bàjẹ́. Ẹ̀kọ tí mo ń wí kì í ṣe ti àgbàdo, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Orin ni.

Orin náà ni rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní progressive rock. Bí a bá fẹ́ fún un ní orúkọ ní èdè wa, a lè pè é ní rọ́ọ̀kì atẹ̀síwájú. Láti nǹkan bí ọdún 1967 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin rọ́ọ̀kì tí ó wà ṣáájú wọn kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ijó ni a sì ń fi í jó. Àwọn wọ̀nyí ní àwọn fẹ́ kí orin gùn bí ìtàn, kí ó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó ní àárín, kí ó sì ní òpin. Wọ́n mú dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti fèrè wá bá gìtá àti ìlù. Wọ́n sì ń lo ojú àwo ńlá, tí ó lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ti ń lo ojú ìwé.

Bàbá tí ó bí bàbá mi ni ó fi orin yìí hàn mí. Ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò náà, nígbà tí ó sì ń padà bọ̀ wá sí Ìbàdàn, ó kó àpótí àwo kan bọ̀. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo ṣí àpótí náà, mo sì rí àwo kan tí a ya erin sí lára. Àwọn erin náà ní ìyẹ́ bí ti kòkòrò, wọ́n sì ń fò. Ẹ̀rù bà mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè gbé ojú kúrò lára wọn. Bàbá ní, “Osibisa nìyẹn. Ọwọ́ tí ó ya erin wọ̀nyẹn náà ni ó ya ìwọ̀nyí,” ó sì nawọ́ sí àwọn àwo mìíràn tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Yes. Roger Dean ni orúkọ ayàwòrán náà. Láti ara àwòrán ni mo ti dé inú orin, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni mo sì fi jókòó ti Bàbá, tí à ń gbọ́ àwo kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí èmi fúnra mi gbàgbé rẹ̀: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó gbà mí.

Ní ọdún tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, wọ́n fi mí sí yàrá kan náà pẹ̀lú ọkùnrin kan láti ìlú Kumasi ní ilẹ̀ Gánà. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, nítorí ó ti ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wá gba ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, òun náà sì kọ́ láti máa pè mí ní Àbúrò. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Òun ni ó ń lu ìlù nínú ìjọsìn wa ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ń tòògbé a jí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan iná mànàmáná kú, kò sí ẹni tí ó lè kàwé. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní orin tí ó dára jù lọ láyé gbọ́.” Mo tan fóònù mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu Tales from Topographic Oceans, tí ẹgbẹ́ Yes gbé jáde ní 1973.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti pọ̀ tó. Àwo méjì ni. Orin mẹ́rin péré ni ó wà nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba odindi ojú àwo kan, àpapọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Jon Anderson, akọrin wọn, rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú àlàyé kékeré kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan, nínú ìwé tí Paramahansa Yogananda ará Íńdíà kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Rick Wakeman, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ náà, kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí rárá, ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1974. Bí ẹni tí ó bá wọn ṣe é kò bá gbádùn rẹ̀, kí ni mo rò pé àlejò yóò ṣe?

Ẹ̀gbọ́n fi sùúrù gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Àbúrò, ìgbà wo ni orin náà yóò bẹ̀rẹ̀?”

Bí mo bá gbọ́n, èmi ìbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì fèsì pé, “Kò yà mí lẹ́nu. Orin ijó nìkan ni etí yín mọ̀.”

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Mo sọ ọ́ sí ẹni tí ó jù mí lọ, mo sì sọ ọ́ sí onílù. Kò bá mi jà. Ó ní, “Ó dára,” ó kọjú sí ògiri, ó sì sùn. Láti ọjọ́ náà a ń kí ara wa ní òwúrọ̀, a ń kí ara wa ní alẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wa. Kò pè mí ní Àbúrò mọ́. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé kíláàsì ni ó ń pè mí.

Lẹ́yìn èyí ni a lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n fún mi ní kíláàsì kẹrin, kí n kọ́ wọn ní ìdá nínú ìṣirò. Mo kọ òfin márùn-ún sí ojú pátákó, mo sì ń ṣàlàyé wọn bí ẹni pé àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni ó jókòó níwájú mi. Àwọn ọmọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo rò pé òye ni ó mú wọn dákẹ́. Nígbà tí kíláàsì parí, olùkọ́ àgbà tí ó wá wò mí pè mí sí abẹ́ igi máńgòrò, ó ní, “Ibi tí ìwọ dé ni o ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ wà ni ó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mú ọsàn wá ní ọ̀la, kí wọ́n pín in.”

Ní ọjọ́ kejì mo mú ọsàn wá. Àwọn ọmọ pín in sí méjì, wọ́n pín in sí mẹ́rin, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì mọ ìdá kí wọ́n tó mọ òfin kankan. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò dúró síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni ó lọ. Mo rí i pé kò sí ohun tí ó ṣe etí rẹ̀. Òfin karùn-ún ni mo kọ́kọ́ kọ sí ojú pátákó fún un.

Nígbà tí a padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo dọ̀bálẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wa, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní kò yẹ kí ó jáde lẹ́nu mi.” Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Dìde. Ṣé orin yẹn ni o tún fẹ́ kí n gbọ́?” Mo ní rárá o, orin ilé wọn ni mo mú wá.

Osibisa ni mo kọ́kọ́ fi sí i, àwo wọn àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1971, àwo alérin-tí-ń-fò náà. Lọ́ńdọ̀nù ni a ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1969. Teddy Osei tí ó jẹ́ olórí wọn, ọmọ Kumasi ni. Àwọn ará Gánà mìíràn wà níbẹ̀, Lasisi Amao ará Nàìjíríà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ erékùṣù Karibíà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ka Osibisa mọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń sọ, n kò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlù ilé wa àti gìtá òkèèrè ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú àwo náà, kò sì sí èyí tí ó ń kánjú. Ẹ̀gbọ́n mọ ìlù náà. Ó dìde lórí ibùsùn rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ dé òpin.

Ní alẹ́ kejì mo fún un ní Days of Future Passed, tí ẹgbẹ́ The Moody Blues gbé jáde ní 1967. Ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo ni, láti ìdájí títí di òru, ẹgbẹ́ olórin ńlá tí Peter Knight ń darí sì ń so apá kan mọ́ èkejì. Èmi kì í ka àwo yìí sí púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń sọ pé ó ti dùn jù. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ òwúrọ̀, tí kò mọ ọ̀sán, tí kò mọ alẹ́? Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ kò lè sọnù, nítorí ó mọ ibi tí oòrùn dé. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti rò lọ, mo sì ní láti tún ọ̀rọ̀ mi gbé yẹ̀ wò.

Ní alẹ́ kẹta ni mo fi The Dark Side of the Moon sí i. Ẹgbẹ́ Pink Floyd ni ó ṣe é ní ilé iṣẹ́ orin Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jáde ní 1973. Ohun tí ó ń pá ènìyàn láyà ni ó ń sọ: àkókò tí ń lọ, owó, ogun, ìsínwín, ikú. Ìlùkìkì ọkàn ni a kọ́kọ́ ń gbọ́, òun náà ni a sì ń gbọ́ gbẹ̀yìn. Níbì kan aago púpọ̀ dún lójijì lẹ́ẹ̀kan náà; Alan Parsons tí ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀ ni ó lọ gba ohùn aago wọ̀nyí ní ṣọ́ọ̀bù aago àtijọ́. Níbòmíràn obìnrin kan, Clare Torry, fi ohùn lásán kọrin, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó yé gbogbo ẹni tí ó ti ṣọ̀fọ̀ rí.

Nígbà tí ó kan orin tí ó ń sọ nípa owó, tí ohùn owó ẹyọ fi bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n gbé ìka lé orí tábìlì. Ó ní, “Méje ni.”

Mo béèrè pé kí ni ó jẹ́ méje.

“Ìlù náà. Kì í ṣe mẹ́rin bí ti àwọn yòókù. Méje ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ó ń fi ìka lu tábìlì, kò sì ṣì í. Nígbà tí gìtá dá gba orin náà lọ, ó gbé ọwọ́ sókè lójijì: “Wọ́n ti yí i padà! Mẹ́rin ni nísinsìnyí!”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orin náà. N kò mọ̀ rí pé méje ni, n kò sì mọ̀ rí pé ó ń di mẹ́rin. Ẹni tí mo sọ pé orin ijó nìkan ni etí rẹ̀ mọ̀, òun ni ó là mí létí. Ó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò, etí oníjó ni ó gbọ́ ọ.”

Bí ó ti tún pè mí ní Àbúrò nìyẹn. N kò lè sọ bí ara mi ti fúyẹ́ tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà wá, àti ẹ̀yin ará Benin, Tógò, Gánà, Sàró àti Kamẹrúùnù, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin yìí, ọ̀nà tí mo mọ̀ nísinsìnyí nìyí. Ẹ ti orí àwo mẹ́ta tí mo ti dárúkọ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ẹ wá Thick as a Brick ti ẹgbẹ́ Jethro Tull, tí ó jáde ní 1972. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó ni orúkọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ìgbinrúgbìn ní nǹkan bí ọdún 1701. Orin kan ṣoṣo ni ó kún ojú àwo méjèèjì, ìwé ìròyìn olójú ìwé 12 ni a sì fi ṣe àpò rẹ̀. Ìwé ìròyìn náà sọ ìtàn ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí ó kọ ewì, tí ó gba ẹ̀bùn, tí àwọn adájọ́ sì tún gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àròsọ ni o, àwàdà ni Ian Anderson, afunfèrè wọn, fi ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí yóò máa fún ọmọdé ní máàkì ka ìtàn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́ In the Court of the Crimson King, tí King Crimson gbé jáde ní 1969. Ojú tí ń ké tí a yà sí àpò rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Barry Godber ni, ẹni tí ó kú ní 1970 ní ọmọ ọdún 24. Orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ le bí ìjì, nítorí náà mo gba àlejò níyànjú pé kí ó ti orí èkejì bẹ̀rẹ̀, níbi tí fèrè ti ń rọra sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ẹ ó ti gbọ́ Mellotron, ohun èlò kan tí ó jọ dùùrù. Abẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a tẹ́ okùn téèpù kan sí, tí a ti gba ohùn fáólìnì tàbí fèrè sí. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ohùn náà yóò jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, yóò sì dákẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ọ̀nà, ẹ wá Close to the Edge ti ẹgbẹ́ Yes, ti ọdún 1972. Orin mẹ́ta péré ni. Èyí àkọ́kọ́ kún odindi ojú àwo kan, ìwé Siddhartha tí Hermann Hesse kọ sì wà lọ́kàn Jon Anderson nígbà tí ó ń kọ ọ́. Ohùn ẹyẹ àti ti omi ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo ohun èlò yóò ya lu ara wọn bí ọjà tí iná sọ. Ẹ má sá. Ẹ ní sùúrù títí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì yóò fi dún. Ṣọ́ọ̀ṣì St Giles ní Cripplegate, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni a ti gba ohùn dùùrù náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ tí ara rẹ̀ kò gbọ̀n, kí ó wá bá mi.

Ẹ̀yin ará Kamẹrúùnù, ẹ tún ní ti yín. Neil Peart, onílù ẹgbẹ́ Rush ti ilẹ̀ Kánádà, gun kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ yín kọjá ní 1988, ó sì kọ ìwé nípa ìrìn àjò náà, tí ó jáde ní 1996. Ó kú ní 2020. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ wá àwo 2112, ti ọdún 1976.

Ní ti Tales from Topographic Oceans, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, ó sì ti gbọ́ ọ dé òpin lẹ́ẹ̀kan nítorí mi. Ó ní apá kan wà nínú ojú àwo kẹrin tí ìlù rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ jìn jù. N kò bá a jiyàn. Mo ti kọ́ pé ẹni tí ó bá mú ènìyàn wọlé kò ní agbára lórí yàrá tí àlejò náà yóò yàn láti jókòó sí.

Yàrá wa ni èyí tí ó kẹ́yìn ní apá òsì bí ẹ bá ti gba ọ̀dọ̀ kànga wọlé. Bí iná bá kú ní alẹ́, tí ẹ gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ìka lu tábìlì ní méje-méje, ẹ kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ wà nílẹ̀, etí igbá ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀.